Búútà Tí Ẹnikẹ́ni Ò Gbọ́dọ̀ Fọ̀

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé kànìnkànìn yẹn sílẹ̀. Mo mọ̀ pé inúure ni, àmọ́ ẹ gbé e sílẹ̀ náà. Gbogbo àlejò tó bá wọ ilé ìdáná mi ní Kẹ́mta níbí, ara búútà yẹn ni ojú wọn máa kọ́kọ́ bà. Wọ́n á wò ó, wọ́n á wò mí, wọ́n á ṣe bí ẹni tí kò rí nǹkan kan. Àwọn tó láyà á ní, "Àlhájà, ẹ jẹ́ n bá yín fọ búútà yìí o, ó ti dúdú jù." Mi ò gbà. Ẹ bá mi gbálẹ̀, ẹ bá mi fọ àwo, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ha dúdú ara búútà yẹn kúrò, èmi àti onítọ̀hún ni.

Ó sì yẹ kó yà yín lẹ́nu lóòótọ́. Èmi Ummulkulthum tí ẹ ń wò yìí, ìkòkò ni mo tà títí mo fi darúgbó. Tẹ́ ẹ bá dé ìsọ̀ mi ní Òmídà lọ́jọ́ tí oòrùn mú, ọwọ́ lẹ máa fi bojú, torí bí àwọn ìkòkò sílífà yẹn ṣe ń kọ mànà. Ìyàwó tuntun ò lè wá ra ìkòkò lọ́wọ́ mi kó lọ láìgba ìkìlọ̀. Màá ní, "Wò ó, ìdí ìkòkò lojú obìnrin. Èyí tí ìdí ìkòkò ẹ̀ bá dúdú, ọ̀lẹ ni, ilé ọkọ ẹ̀ á mọ̀." Wọ́n á rẹ́rìn-ín, àmọ́ wọ́n á ra iyanrìn àti wáyà kànìnkànìn mọ́ ọn.

Ìgbà tó yá ni ìtọ̀ ṣúgà wọ ara mi. Ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ mú. Ó ń ṣe mí bíi pé mo wọ ìbọ̀sẹ̀, bẹ́ẹ̀ mi ò wọ nǹkan kan. Lẹ́yìn ẹsẹ̀ ló kan ìka, lẹ́yìn ìka ló kan àtẹ́lẹwọ́. Mo lè gbé nǹkan, mo lè dì í mú, àmọ́ kí n mọ̀ bóyá ó gbóná tàbí ó tutù, mi ò mọ̀ ọ́n mọ́. Ojú mi náà ti ń ṣe bàìbàì. Bí mi ò ṣe lè ha ìkòkò mọ́ nìyẹn, torí wáyà á ti gé mi lọ́wọ́ kí n tó mọ̀. Igi ni mo fi ń dáná, igi ìgbà òjò a sì máa rú èéfín, ni gbogbo ìkòkò mi bá bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú. Tí àlejò bá ń bọ̀, màá sáré fi aṣọ bò wọ́n. Ó dùn mí o. Ká sọ tòótọ́, ó dùn mí ju ṣúgà fúnra ẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ kan tí òjò rọ̀, mo ti Aké dé pẹ̀lú ẹrẹ̀ lẹ́sẹ̀. Mo da omi inú búútà sínú bàsíà, mo ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, mo jókòó jẹ́ẹ́, mo ń fa tẹ̀sùbáà mi. Àfi bí Ameenah ṣe wọlé tó figbe bọnu.

"Mọ́mì! Ẹsẹ̀ yín! Ẹ yọ ẹsẹ̀ yín kúrò níbẹ̀!"

Mo wo ilẹ̀. Awọ ẹsẹ̀ mi ti ń ṣí kúrò. Omi yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí iná ni, mi ò sì mọ̀ pé ó tiẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Ameenah ni àbíkẹ́yìn mi, ọ̀dọ̀ mi ló ń gbé. Àkọ́bí mi ni Mọ́ṣúdù, òun àti ìyàwó ẹ̀ ń gbé l'Ékòó. Bí Mọ́ṣúdù ṣe gbọ́, ó wa mọ́tò wá. Kò jókòó, kò mu omi. Ó wo báńdéèjì ẹsẹ̀ mi, ó ní, "Mọ́mì, ó tó gẹ́ẹ́. Ẹ ń bá mi lọ sí Èkó."

Mo ní mi ò lọ. Ẹ má ṣì mí gbọ́ o, ilé Mọ́ṣúdù dáa. Ó wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, afẹ́fẹ́ ń fẹ́. Tẹ́ ẹ bá jí, wọ́n á ní ẹ jókòó. Tẹ́ ẹ bá jókòó tán, wọ́n á ní ẹ wá jẹun. Tẹ́ ẹ bá jẹun tán, wọ́n á tan tẹlifíṣàn fún yín. Ṣùgbọ́n ilé ọkọ mi nìyí. Ìdí àpáta yìí ló kọ́ ọ sí, ẹ̀yìnkùlé níbẹ̀ yẹn ló sì sùn sí, lábẹ́ simẹ́ńtì funfun yẹn. Àràárọ̀ ni mo máa ń ṣe àlùwàlá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, màá ṣe àdúà fún un, màá wá sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ládùúgbò fún un, ẹni tó bímọ, ẹni tó kú, ẹni tó ń jà. Tí mo bá lọ, ta ló máa máa sọ fún un?

Mọ́ṣúdù ò gbọ́. Ameenah ló bẹ̀ ẹ́. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ fi Mọ́mì sílẹ̀ títí di Iléyá. Nǹkan kan wà tí mo fẹ́ ṣe fún wọn. Tí omi gbígbóná bá tún wá bó wọn lẹ́yìn ìyẹn, mi ò ní bá yín jiyàn, mi ò ní bẹ̀ yín."

Mọ́ṣúdù mí kanlẹ̀. "Ó dáa, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí omi gbígbóná bá tún kan Mọ́mì, ọjọ́ náà la jọ ń lọ."

Èmi náà gbà.

Iná mànàmáná ni Ameenah kọ́ nílé ìwé. Ó ní ṣọ́ọ̀bù tóóró kan l'Áké tó ti ń tún fóònù àti rédíò ṣe. Mo ti bá a jà lórí iṣẹ́ yẹn rí, pé obìnrin wo ló ń jókòó ti irin gbígbóná látàárọ̀ títí dalẹ́, tó ń yọ́ lẹ́ẹ̀dì bí alágbẹ̀dẹ. Ó kàn máa ń rẹ́rìn-ín, á sì máa bá iṣẹ́ lọ.

Ní alẹ́ ọjọ́ tí Mọ́ṣúdù padà sí Èkó, ó jókòó tì mí, ó ní, "Mọ́mì, ẹ rántí ìbọn kòrónà?"

Ta ni ò rántí? Nígbà kòrónà, kò síbi téèyàn fẹ́ wọ̀ tí wọn ò ní na ìbọn funfun kékeré kan sí i níwájú orí. Ìbọn á ké, wọ́n á ní ara rẹ gbóná tàbí kò gbóná, bẹ́ẹ̀ wọn ò fọwọ́ kàn ọ́.

"Ojú kékeré kan ló wà nínú ẹ̀," Ameenah ní. "Gbogbo ohun tó bá gbóná ló máa ń tan ìmọ́lẹ̀ kan jáde tí ojú èèyàn ò lè rí. Ojú yẹn ló máa ń rí i. Ọwọ́ yín ò mọ ooru mọ́. Màá fún ọwọ́ yín ní ojú."

Mo ní, "Ameenah, o ti jẹun?" Mo rò pé ebi ló ń pa á.

Àṣé ọ̀rọ̀ ń bẹ nínú ẹ̀. Ó ní irú ẹ̀ wà lókè òkun, àmọ́ owó ẹ̀ kì í ṣe owó irú wa, ó sì tóbi gbàgẹ̀rẹ̀. Èyí tó kéré tí kò sì wọ́n ló fẹ́ ṣe, èyí tí gbogbo ìyá tí a jọ ń tò sórí ìlà ní kílíníkì ṣúgà á lè rà láì tọrọ lọ́wọ́ ọmọ. Ó wá ń kiri ilé ìwé, ó ń kiri ọ́fíìsì àti ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń tọrọ ìbọn kòrónà tó ti bàjẹ́. Inú wọn dùn láti kó o fún un, torí kọ̀rọ̀ ni wọ́n jù ú sí, aláǹtakùn ti fi kọ́lé. Ó tú u, ó yọ ojú inú ẹ̀, ó da ìyókù nù.

Èyí tó kọ́kọ́ ṣe tó ọṣẹ ìfọṣọ. Ó dè é mọ́ mi lọ́wọ́, apá mi ro. Mo ní, "Ṣé kí n máa gbé rédíò kiri àdúgbò ni?" Ó tún un ṣe, ó fi bátìrì aago sí i, ó kéré sí i. Ó wá fi gíláàsì bo ojú ẹ̀ kí omi má bàa wọ̀ ọ́, ni ojú bá fọ́ pátápátá, ó dojú kọ iná, kò sọ̀rọ̀. Àṣé ìmọ́lẹ̀ ooru yẹn ò lè gba inú gíláàsì kọjá. Ó dán oríṣiríṣi nǹkan wò. Níkẹyìn, láílọ́ọ̀nù búrẹ́dì ló bá a mu, láílọ́ọ̀nù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí gbogbo wa ń jù nù! Ó gé e, ó nà án mọ́ ojú yẹn, ó ríran kedere. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Nígbà tó parí, kò tóbi ju bọ́tìnnì lọ. Ó fi rọ́bà so ó mọ́ ọrùn ọwọ́ ọ̀tún mi, ó jẹ́ kí ojú ẹ̀ kọ síwájú, síbi tí ọwọ́ bá ń lọ. Tí mo bá na ọwọ́ sí ohun tó gbóná, kí n tó dé ibẹ̀, á ti ké, pí-pí-pí, fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, bí ìrẹ̀ inú koríko. Ìrẹ̀ náà ni mo sọ ọ́. Kò pẹ́ tí gbogbo Kẹ́mta mọ Ìrẹ̀ Àlhájà. Níbi ìsọmọlórúkọ kan lẹ́yìn ilé wa, àwọn àlùfáà ń ṣe àdúà lọ́wọ́, mo na ọwọ́ sí mọ́ínmọ́ín, ó gbóná, ni Ìrẹ̀ bá figbe ta. Àlùfáà dá àdúà dúró, ó ń wo abẹ́ àga. Ojú tì mí, àmọ́ mi ò jẹ mọ́ínmọ́ín yẹn títí ó fi dákẹ́.

Ilé ìdáná yìí ni Ameenah ti dán an wò. Á gbé búútà kaná, á ti tẹ̀mómítà bọ inú omi, á wá na Ìrẹ̀ sí ara búútà níta, á wò ó bóyá ohun tí àwọn méjèèjì sọ bára mu. Ó ṣe é títí ó fi dá a lójú. Bí èmi náà ṣe wá ń lò ó ni pé tí mo bá fẹ́ ṣe àlùwàlá láàárọ̀, màá na ọwọ́ sí búútà. Tí Ìrẹ̀ bá ké, màá máa da omi tútù mọ́ omi inú ẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Tó bá dákẹ́, omi ti dáa nìyẹn, mo lè dà á sára. Kò yẹ̀ rí. Mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í po tíì mi fúnra mi. Ẹ̀yin tí ọwọ́ yín pé, ẹ ò lè mọ bó ṣe dùn tó kéèyàn po tíì fún ara ẹ̀.

Bí Iléyá ṣe dé nìyẹn o. Ó ku ọ̀la, Mọ́ṣúdù àti ìyàwó ẹ̀ wọlé.

Ẹ jẹ́ n sọ ti ìyàwó mi yìí fún yín. Hephzibah lorúkọ ẹ̀. Ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni, ọmọ Ìgbẹ̀ìn. Nígbà tí Mọ́ṣúdù mú un wá sílé, àwọn kan ń fọn imú, wọ́n ní irú orúkọ wo nìyẹn. Mo ní ẹ̀yin ẹ pe orúkọ tẹ́ ẹ bá lè pè, èmi ti rí bó ṣe kúnlẹ̀. Kò sí ọdún Iléyá tí kì í wá. Ọmọ tó mọ ilé ìyá ọkọ ni. Ẹ wò ó, Ameenah kéré sí i lọ́jọ́ orí, síbẹ̀ "Àǹtí Ameenah" ló ń pè é, torí ó bá a nílé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ó wọ ilé ìdáná, ó rí àwọn ìkòkò mi. Ó mọ̀ mí, ó mọ ohun tí mo ń sọ nípa ìdí ìkòkò. Bí mo ṣe lọ sùn díẹ̀, ó kó gbogbo wọn sẹ́yìnkùlé, ó bu iyanrìn, ó bu eérú, ó mú wáyà. Ameenah ò sí nílé, ó wà ní ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí mo jí láti kírun alásàrí, wọ́n ti tò lórí àpáta, wọ́n ń gbẹ, wọ́n ń dán gbinrin. Mo mú búútà, mo gbé e sún mọ́ ojú mi, mo rí ara mi nínú ẹ̀. Ó tó ọjọ́ mẹ́ta kan tí mo ti rí irú ẹ̀. Mo sunkún. Mo dì mọ́ ọmọ yẹn, mo súre fún un títí ó fi ní, "Mọ́mì, ó ti tó, ẹ jẹ́ n lọ fọ ọwọ́ mi."

Láàárọ̀ ọjọ́ Iléyá, òun ló tún kọ́kọ́ jí. Kò fẹ́ kí búútà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ dúdú, kò gbé e dé ìdí iná igi. Èédú ló dá iná ẹ̀ sí, torí èédú kì í rú èéfín. Ó gbé búútà kaná fún àlùwàlá mi, ó wá lọ lọ aṣọ Yídì ọkọ ẹ̀.

Mo jáde sí ilé ìdáná. Ojúmọ́ ò tíì mọ́ tán. Mo na ọwọ́ sí ara búútà lókè, níbi tí iná ò dé. Ìrẹ̀ dákẹ́. Mo tún ọwọ́ nà, ó dákẹ́. Mo ní, ẹ̀hẹ́n, iná èédú ò tíì ràn dáadáa, omi yìí ò tíì ju bó ṣe yẹ lọ. Mo gbé e lọ sẹ́yìnkùlé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ mi, mo jókòó sórí àpótí mi. Mo ní bísímílláhì. Mo fi ọwọ́ ọ̀tún gbé búútà, mo da omi sí ọwọ́ òsì, mo yí i síbí, mo yí i sọ́hùn-ún, mo tún dà á, mo tún dà á, bí wọ́n ṣe kọ́ wa. Mo wá bu omi sí ẹnu.

Ètè mi ló sọ fún mi. Yéè! Mo ju búútà nù. Ètè àti ahọ́n ṣì mọ ooru, àwọn ni ò tíì kú lára mi. Àmọ́ ọwọ́ òsì ti bó ná.

Wọ́n sáré jáde. Nọ́ọ̀sì kan ń gbé ní òpópónà kejì, Mọ́ṣúdù lọ gbé e wá, ó fi báńdéèjì wé ọwọ́ mi títí dé ọrùn ọwọ́. Kò sẹ́ni tó lọ sí Yídì nínú ilé wa. A jókòó sí pálọ̀, à ń gbọ́ tí wọ́n ń kábárà nínú ẹ̀rọ agbóhùnsókè lókèèrè. Àgbò wà lórí ìso, kò sẹ́ni tó yà sí i.

Mọ́ṣúdù ò pariwo. Ó kàn dìde, ó wọ yàrá mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó aṣọ mi sínú báàgì. Ìgbà tó gbé báàgì kọjá lọ sídìí mọ́tò, inú bí mi, àmọ́ òun kọ́ ni mo bínú sí. Ameenah ni mo kọjú sí.

"O ní o fún mi ní ojú! Ojú wo nìyẹn? Àwọn àgbà ti sọ ọ́, ojú olójú ò jọ ojú ẹni. Ọjọ́ tí mo fọkàn tán an gan-an ló fọ́. Wọ́n ti ń gbé mi kúrò nílé bàbá ẹ báyìí o, ṣé o ti rí i?"

Omi ń bọ́ lójú Ameenah, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún. Ó tú Ìrẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó wọ ilé ìdáná lọ. Ó pààrọ̀ bátìrì ẹ̀. Ó nà án sí èédú, ó ké. Níta, láti ìdájí ni wọ́n ti gbé omi àgbò kaná sínú ìkòkò ńlá tí a yá lọ́wọ́ aládùúgbò, ìkòkò dúdú bíríkítí. Ó nà án síbẹ̀, ó ké tantan. Ó padà wá gbé búútà kaná èédú títí ó fi hó, ó na Ìrẹ̀ sí ara ẹ̀ lókè. Kẹ́kẹ́ pa. Bẹ́ẹ̀ ni omi ń pariwo nínú búútà.

Hephzibah dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò ó. Ó ní, "Àǹtí Ameenah, ẹ dúró ná. Ó ké sí ìkòkò ìta, kò ké sí búútà. Búútà yẹn… mo fọ̀ ọ́ lánàá o."

Ameenah yíjú padà, ó nu omijé, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá wo búútà dáadáa. "Ẹ fọ̀ ọ́? Dúdú ni mo mọ búútà Mọ́mì sí."

"Ó dúdú tẹ́lẹ̀. Mo ha gbogbo ẹ̀ kúrò."

Ni Ameenah bá káwọ́ lérí. "Yéè, mo gbé! Mo gbé!" Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Wọ́n kọ́ wa nílé ìwé o! Ohun tó dúdú máa ń tan gbogbo ooru ẹ̀ jáde, kì í fi pamọ́. Èyí tó bá ń dán, ṣe ló máa ń fi tiẹ̀ pamọ́. Bíi dígí ló rí. Tí Ìrẹ̀ bá wò ó, ògiri àti afẹ́fẹ́ tútù ló ń rí nínú ẹ̀, kò rí omi tó ń hó. Mo mọ̀ ọ́n! Àmọ́ àtọjọ́ tí mo ti ń dán an wò, búútà Mọ́mì ò dán rí. Kò wá sí mi lọ́kàn."

Hephzibah wá síwájú mi, ó kúnlẹ̀. Kò lè gbé ojú sókè. "Mọ́mì, èmi ni mo jó yín lọ́wọ́. Èmi ni o."

Kí ni n bá sọ? Ẹ̀yin náà ẹ sọ fún mi. Ṣé kí n bú ọmọ tó ṣe ohun tí èmi fúnra mi fi gbogbo ayé mi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ? Mo fi ọwọ́ tó kù fà á dìde. Mo ní, "Ìyàwó mi, dìde. Ìwà ọmọlúàbí lo hù. Mi ò bínú sí ẹ." Mo wá wo Ameenah nílẹ̀ níbẹ̀. "Ìwọ náà dìde. Mo ti sọ̀rọ̀ jù."

Mọ́ṣúdù ti padà wọlé, ó gbọ́ gbogbo ẹ̀. Ó ní, "Ameenah, mi ò sọ pé o ò gbìyànjú. Ṣùgbọ́n ṣé o rí i? Ìkòkò tó dán lásán ló tàn án jẹ. Ìkòkò wo ni ò ní dán lọ́jọ́ kan? Ta ló máa máa ṣọ́ gbogbo ohun tó ń dán nílé yìí nígbà tó bá ku Mọ́mì nìkan?"

Ameenah wolẹ̀. Òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n ẹ̀ sọ.

Èmi ni mo dìde. Mo ní, "Kò ní sí ohun tó ń dán nílé yìí mọ́."

Gbogbo wọn wò mí.

"Mo ní kò ní sí. Gbogbo ohun tó bá ń gun orí iná nílé mi, ẹ jẹ́ kó dúdú. Kó dúdú kó má tún mọ́. Tí wọ́n bá fẹ́, kí wọ́n máa pè mí ní ọ̀lẹ ní gbogbo Òmídà. Ṣebí inú ìkòkò dúdú náà lẹ̀kọ funfun ti ń jáde."

Ẹ má rò pé ó rọrùn. Ìkòkò dídán ni mo fi tọ́ àwọn ọmọ yẹn, òun ni mo fi di ẹni tí wọ́n ń pè ní Àlhájà.

Hephzibah ò dúró kí ọkọ ẹ̀ fèsì. Ó fa búútà kúrò lórí èédú, ó gbé e lọ síta. Léèsì Iléyá ló wọ̀, ó lóṣòó síwájú iná pẹ̀lú ẹ̀, ó ki igi tútù bọ iná, èéfín bò ó mọ́lẹ̀. Ó ń wúkọ́, ó ń yí búútà sọ́tùn-ún, ó ń yí i sósì, bí ẹni ń yan àgbàdo. Mọ́ṣúdù ní, "Aṣọ ẹ ńkọ́?" Ó tún ki igi mìíràn bọ̀ ọ́. Ìgbà tó gbé e wọlé, omi ń hó nínú ẹ̀, ara ẹ̀ sì ti dúdú kirikiri. Òun náà dúdú títí dé imú.

Mọ́ṣúdù gba Ìrẹ̀ lọ́wọ́ Ameenah, ó so ó mọ́ ọwọ́ ara ẹ̀. Ó na ọwọ́ sí búútà. Ìrẹ̀ figbe ta, àgbò orí ìso sì dá a lóhùn láti ìta. Ó fa ọwọ́ padà, Ìrẹ̀ dákẹ́. Ó tún nà án, ó tún ké. Ó ṣe é, ó ṣe é, bíi pé ó ń wá ìgbà tó máa purọ́. Kò purọ́.

Ó wá jókòó tì mí. Àkọ́bí mi, ọkùnrin gìdìgbà, ó dorí kodò. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ̀rù ló ń bà mí. Tí fóònù bá ti dún láàárọ̀, tí mo rí i pé Ameenah ni, àyà mi á já. Mi ò fẹ́ gbọ́ nǹkan kan nípa yín lórí fóònù."

Mo ní, "Mo mọ̀, ọmọ mi. Ẹ̀rù ń ba èmi náà. Àmọ́ ẹ̀rù àtikúrò lọ́dọ̀ bàbá yín ń bà mí ju ti omi gbígbóná lọ."

Ó dìde, ó lọ sídìí mọ́tò, ó gbé báàgì mi padà wọlé. Ó ní ìyàwó òun á dúró tì mí títí ọwọ́ mi á fi jinná. Hephzibah ní òun tiẹ̀ ti pinnu ẹ̀ kó tó sọ ọ́. Ìgbà náà ni wọ́n tó rántí àgbò.

Ọwọ́ ti jinná báyìí, ẹ wo àpá ẹ̀. Ameenah ti ṣe Ìrẹ̀ fún àwọn ìyá míì ní kílíníkì. Kì í kó o fún ẹnikẹ́ni láì tẹ̀lé e délé, á kun ara búútà àti ìkòkò onítọ̀hún ní dúdú kó tó so ó mọ́ ọn lọ́wọ́. Àwọn kan ń jà pé ó ń ba ohun ẹ̀ṣọ́ àwọn jẹ́. Ó ní kí wọ́n wá bá mi.

Nítorí náà, ẹ gbé kànìnkànìn sílẹ̀, ẹ wá jókòó. Ìdọ̀tí kọ́ lẹ̀ ń wò yẹn. Òun ló jẹ́ kẹ́ ẹ bá mi nílé. Àti ìyàwó mi, tó bá ti dé láti Èkó, kó tó tú ẹrù ẹ̀, ilé ìdáná ló ń kọ́kọ́ lọ. Á gbé búútà sókè, á yí i wò. Tó bá rí ibi tó fẹ́ máa dán, á fi ọwọ́ ara ẹ̀ ha dúdú ìdí àdògán, á fi pa á. Lẹ́yìn náà ló máa wá kúnlẹ̀ kí mi, tòun ti ọwọ́ dúdú, màá sì di ọwọ́ náà mú. Ìka mi ò mọ̀ pé òun di nǹkan kan mú. Èmi mọ̀.